Ìdájọ́ Òdodo Nínú Kíláàsì: Ohun Tí Wọ́n Ń Kọ́ Nípa Ìran Adúláwọ̀ ní Yunifásítì Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá ọdún 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó wà ní ìlú San Francisco, ìpínlẹ̀ California, fi kíláàsì sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní padà síbẹ̀ àfi bí àwọn aláṣẹ bá ṣe ohun mẹ́wàá tí àwọn kọ sínú ìwé. Lára àwọn tó ṣáájú nínú ohun mẹ́wàá náà ni pé kí ilé-ìwé dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ níbi tí wọn yóò ti máa kọ́ ìtàn, èrò, iṣẹ́ ọnà àti ìgbé ayé àwọn ènìyàn dúdú, kí ẹ̀ka náà máa fúnni ní oyè gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹ̀ka yòókù ti ń ṣe, kí wọ́n sì sọ Nathan Hare, onímọ̀ nípa àwùjọ tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, di ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n tún fẹ́ kí wọ́n dá George Murray padà sẹ́nu iṣẹ́, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú tó ń sọ.

Kì í ṣe adúláwọ̀ nìkan ló dìde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìran wọn wá láti Éṣíà àti Mẹ́síkò, pẹ̀lú àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an, kó ìbéèrè márùn-ún tiwọn náà kalẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di rògbòdìyàn. Ààrẹ ilé-ìwé náà kọ̀wé fipò sílẹ̀, wọ́n sì fi S. I. Hayakawa, onímọ̀ èdè tó jẹ́ ọmọ ìran Jàpáànù, ṣe adelé. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, bàbá náà fúnra rẹ̀ gun orí ọkọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wáyà rẹ̀ já lójú gbogbo ayé. Ní oṣù Kìíní ọdún 1969, ó lé ní 400 ènìyàn tí ọlọ́pàá kó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Oṣù Kẹta ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn. Títí di òní, kò sí ìyanṣẹ́lódì akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé ní ìparí ọdún náà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n jà fún ti wà. Ṣùgbọ́n Hare, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìbéèrè, kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn aláṣẹ kò gbà á síṣẹ́ padà. Wọ́n gba ẹ̀kọ́, wọn kò gba ẹni tó gbé e kalẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí ni yóò lóye ìdí tí ẹ̀kọ́ nípa ìran adúláwọ̀ kò fi lè jọ ẹ̀kọ́ ìṣirò tàbí ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta. Ibi ìjà ẹ̀tọ́ ni wọ́n ti bí i, ìbéèrè nípa òdodo sì wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ. Orúkọ tí wọ́n ń pè é pọ̀ láti ilé-ìwé kan sí èkejì. Àwọn kan ń pè é ní Black Studies, àwọn mìíràn ń pè é ní African American Studies. Ní Yunifásítì Cornell, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ ti gba ilé ńlá kan tó ń jẹ́ Willard Straight Hall ní oṣù Kẹrin ọdún 1969, James Turner tó jẹ́ olùdarí àkọ́kọ́ yan orúkọ náà Africana. Ohun tó ń wá ni orúkọ tí yóò kó Áfíríkà, àwọn erékùṣù Karibíà àti Amẹ́ríkà pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Kò pé ọdún kan tí wọ́n ṣí ibẹ̀ tí iná fi jó ilé náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1970. Iná àmọ̀ọ́mọ̀ dá ni.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó ti ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Carter G. Woodson, ọmọ àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú rí, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard ní ọdún 1912, ló dá ọ̀sẹ̀ ìtàn adúláwọ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1926. Ọ̀sẹ̀ yìí ló di oṣù kan gbáko ní ọdún 1976. Ní ọdún 1933 ó kọ ìwé kan, The Mis-Education of the Negro, níbi tó ti ṣàlàyé pé ilé-ìwé lè kọ́ ọmọ ènìyàn dúdú débi tí yóò fi kẹ́gàn ara rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni nà án ní pàṣán. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1964, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ṣí ilé-ìwé òmìnira tó lé ní 40 ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti lábẹ́ igi ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà, wọ́n sì ń bi wọ́n léèrè ìdí tí òbí wọn kò fi lè dìbò. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń ṣe ní yunifásítì lónìí, inú àwọn ilé-ìwé wọ̀nyẹn ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ète Hare ni pé kí ẹ̀kọ́ náà ní ẹsẹ̀ méjì: ọ̀kan nínú ilé ìkàwé, èkejì ní àdúgbò tí àwọn ènìyàn dúdú ń gbé. Ó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́ ohun kan gbé e lọ sí àárín àwọn tó bí i, kí ìmọ̀ má di ohun tí ọmọ fi ń sá kúrò nílé. Nígbà tí Bertha Maxwell kó àwọn olùkọ́ jọ ní Charlotte, North Carolina, ní ọdún 1975 láti dá ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ń pè ní National Council for Black Studies sílẹ̀, ìmọ̀ tó jinlẹ̀ àti ojúṣe sí àwùjọ ni wọ́n jọ gbé sókè. Ó rọrùn láti sọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 1988, tí Yunifásítì Temple ní Philadelphia bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ yìí lábẹ́ Molefi Kete Asante, ẹ̀ka náà ti ní ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ti ní ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀, ó ti ní ìpàdé ọdọọdún. Ẹsẹ̀ ti inú ilé ìkàwé ti lágbára. Ẹsẹ̀ kejì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ẹ̀ka náà fúnra wọn ń ráhùn pé ó ń tiro, nítorí pé ìwé tí olùkọ́ kọ ni yunifásítì fi ń gbé e ga, kì í ṣe iye ọjọ́ tó lò ní gbọ̀ngàn àdúgbò.

Kí wá ni ìdájọ́ òdodo láwùjọ tí wọ́n ní àwọn ń kọ́? Ìdájọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ti ilé-ẹjọ́: Lágbájá jalè, wọ́n mú Lágbájá, wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń sọ nínú kíláàsì wọ̀nyí yàtọ̀ díẹ̀. Ó ń béèrè nípa ìyà tí kò ní ọ̀daràn kan pàtó, ìyà tó jẹ́ pé ètò ìlú ló ń pín in. Àwọn olùkọ́ kì í sì í fi ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Máàpù ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1933, ìjọba Amẹ́ríkà dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti ran àwọn tó yá owó kọ́lé lọ́wọ́, torí ọrọ̀ ajé ti dojú dé. Ní ìparí àwọn ọdún 1930, ilé-iṣẹ́ náà ya máàpù ìlú tó lé ní 200, wọ́n sì kun àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀: àwọ̀ ewé fún ibi tó dára jù, pupa fún ibi tí wọ́n ní ó léwu láti yá ènìyàn lówó. Ibi tí adúláwọ̀ bá ń gbé, pupa ni wọ́n sábà máa ń kùn ún. Láti ọdún 2016, Yunifásítì Richmond ti kó àwọn máàpù yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ sí wọn lábẹ́, ẹnikẹ́ni sì lè kà á. Olùkọ́ yóò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá àdúgbò tí òun fúnra rẹ̀ dàgbà sí, kí ó wo àwọ̀ rẹ̀, kí ó sì lọ wo ohun tó wà níbẹ̀ lónìí: iye tí wọ́n ń ta ilé, ibi tí igi ìbòji wà, ibi tí ojú ọ̀nà márosẹ̀ gbà kọjá.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kò parí síbẹ̀. Ìbéèrè tó kàn ni pé, ǹjẹ́ ìlà pupa yẹn ló ba àdúgbò náà jẹ́, àbí ibi tó ti ń bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kàn fà á sí? Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ilé-iṣẹ́ mìíràn, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1934 láti máa ṣe onídùúró fún owó ilé, ló ṣe ìpalára tó pọ̀ jù, òun sì ní ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kàn kọ ọ́ pé àwọn òyìnbó burú, tí kò lè sọ ilé-iṣẹ́ wo ló ṣe kí ni, ní ọdún wo, pẹ̀lú òfin wo, máàkì rẹ̀ kò lè pọ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ tó bá mọṣẹ́. Ìbínú kì í ṣe ẹ̀rí.

Ìwé kékeré ni nǹkan mìíràn tí wọ́n ń kà: àtúnṣe kẹtàlá sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, èyí tó fòpin sí oko ẹrú ní ọdún 1865. Kò gùn rárá. Ṣùgbọ́n ó ní ẹnu ọ̀nà kan tó ṣí sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti yọ ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yìí ni àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù gbà kọjá: wọ́n sọ ọ̀pọ̀ nǹkan di ẹ̀ṣẹ̀, títí kan kí ènìyàn má níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n kó àwọn ènìyàn dúdú sẹ́wọ̀n, wọ́n sì ń yá ẹlẹ́wọ̀n fún àwọn olóko àti àwọn tó ń wa kùsà. Ọdún 1928 ni Alabama tó jáwọ́ nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka gbólóhùn òfin yẹn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, á sì rí i pé gbólóhùn kan ṣoṣo lè tú ènìyàn sílẹ̀ kó sì tún dè é.

Ibi tí kíláàsì yìí ti máa ń le ni ibi tí ìka bá ti yí padà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ ìlú Tuskegee jẹ́ àpẹẹrẹ. Láti ọdún 1932 títí di 1972, ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ń wo 399 ọkùnrin dúdú tó ní àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní syphilis, pẹ̀lú 201 mìíràn tí kò ní in, láti mọ ohun tí àrùn náà ń ṣe fún ara títí ikú fi dé. Wọn kò sọ òtítọ́ fún wọn. Nígbà tí abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì dé tó sì ń wo àrùn náà sàn, wọn kò fún wọn. Gbogbo èyí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́ kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Ohun tí wọn kò gbọ́ ni orúkọ Eunice Rivers, nọ́ọ̀sì dúdú, tó ń fi ọkọ̀ gbé àwọn ọkùnrin náà lọ sọ́dọ̀ dókítà, tó mọ ìyàwó àti ọmọ wọn, tó sì ń bá ẹbí wọn sọ̀rọ̀ owó ìsìnkú kí wọ́n lè jẹ́ kí àwọn dókítà la òkú. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, òun náà sì fẹ́ràn wọn. Ṣé ọ̀daràn ni? Ṣé ẹni tí wọ́n lò ni? Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ni ibi ìlera kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin yẹn ní. Kíláàsì a máa pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí, olùkọ́ tó gbọ́n kì í sì í yára parí ìjà náà.

Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ yí ìka náà sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí gan-an. Ní ọdún 1982, Gloria Hull, Patricia Bell Scott àti Barbara Smith kó ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ṣàròyé pé bí a bá dárúkọ obìnrin, aláwọ̀ funfun ni wọ́n ń rò, bí a bá sì dárúkọ adúláwọ̀, ọkùnrin ni. Ẹ̀ka tó ń bèèrè òdodo lọ́wọ́ ìjọba ni wọ́n ń bi léèrè pé, ta ni ń kọ́ni níbẹ̀, ìwé ta ni ẹ ń kà?

Àwọn tí kò fẹ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ọ̀rọ̀ tiwọn, kò sì yẹ kí ènìyàn gbọ́n ọn nù bí omi ẹsẹ̀. Wọ́n ní òṣèlú ni àwọn olùkọ́ ń fi orúkọ ìmọ̀ pè, pé ọmọ tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ ń bẹ̀rù láti sọ ọ́, nítorí máàkì. Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá òótọ́ mu, nítorí pé olùkọ́ tó ń wàásù wà ní gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn olóṣèlú fi ṣe ìwòsàn rẹ̀ ju àìsàn lọ. Ní ọdún 2022, ìpínlẹ̀ Florida ṣe òfin tó ka àwọn èrò kan nípa ẹ̀yà àti ẹ̀bi sí ohun tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ kọ́ni bí ẹni tó gbà á gbọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, adájọ́ ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, Mark Walker, ní kí wọ́n dá a dúró ní ti àwọn yunifásítì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ìpínlẹ̀ kan náà kọ ẹ̀kọ́ nípa adúláwọ̀ tí wọ́n ṣètò fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama tó ń múra yunifásítì. Nígbà tó yá nínú ọdún 2023, wọ́n tún ṣe òfin mìíràn tó ní ẹ̀kọ́ tó jẹ́ dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba kò gbọdọ̀ dá lórí èrò pé ìyàtọ̀ ẹ̀yà wà nínú ètò Amẹ́ríkà láti ìpìlẹ̀. Bí a bá fi èyí wé máàpù àti gbólóhùn òfin 1865 tí a mẹ́nu bà, a ó rí ibi tó ti dun àwọn olùkọ́. Ìbéèrè ni wọ́n ń béèrè, òfin sì ti dáhùn rẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣí ìwé.

Ọ̀rọ̀ náà kan Yorùbá ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Ọmọ Yorùbá pọ̀ láàrin àwọn tó ń kọ́ni ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà ní Cornell lẹ́yìn tó gba ẹ̀bùn Nobel. Ìwé tí Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ní ọdún 1997, The Invention of Women, wà lára àwọn tí wọ́n ń kà jù. Ohun tó sọ níbẹ̀ yóò yé ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ Yorùbá láìsí wàhálà: ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni èdè wa fi ń pín ènìyàn, kò bìkítà bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó ní ipò àgbà ló ṣe pàtàkì ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àti pé òyìnbó ló gbé ìpín akọ àti abo tó le koko wọlé. Àwọn onímọ̀ kan kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ní èdè lè má sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Àríyànjiyàn yẹn gan-an ni wọ́n ń fẹ́ nínú kíláàsì. Maulana Karenga, ẹni tó dá ayẹyẹ Kwanzaa sílẹ̀ ní 1966, kọ ìwé kan jáde lórí Odù Ifá ní ọdún 1999. Ó túmọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ìwà, pé a yan ènìyàn láti mú rere wá sí ayé. Babaláwo kan ní Ọ̀yọ́ lè ṣàì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìdájọ́ òdodo láwùjọ, yóò sì tún bi wọ́n pé ta ni wọ́n bi kí wọ́n tó túmọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ ti gbóná jù. Ní ọdún 2004, ọ̀jọ̀gbọ́n Henry Louis Gates àti Lani Guinier sọ ọ́ ní gbangba pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ní Harvard, bóyá ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta, jẹ́ àwọn tó wá láti Karibíà àti Áfíríkà tàbí ọmọ wọn. Díẹ̀ ni àwọn tí ìran wọn ti wà lóko ẹrú Amẹ́ríkà. Nínú kíláàsì kan náà, ọmọ Yorùbá tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà lè jókòó ti ọmọ tí ìyá ìyá rẹ̀ kó òwú ní Mississippi. Ọlọ́pàá kò mọ ìyàtọ̀ wọn ní títì. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n. Òbí àwọn kan ti kìlọ̀ fún wọn nílé pé kí wọ́n má bá àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà rìn. Àwọn kan láàrin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà sì ń bi wọ́n pé, ẹ̀yin tí ẹ tà wá, kí lẹ wá ṣe?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe èébú lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti Nàìjíríà wá lè má ní ìdáhùn, nítorí pé ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé láti ọdún ẹ̀kọ́ 2009/2010, ó sì tó bí ọdún mẹ́wàá kó tó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà. Wọ́n á wá fún un ní ìtàn tí Àjàyí Crowther kọ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀: bí àwọn jagunjagun Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí láti Ọ̀yọ́ ṣe kó ìlú Òṣogùn ní ọdún 1821, bí wọ́n ṣe tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, kí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Gbogbo ọwọ́ tó kọ́kọ́ kọjá, dúdú ni.

Ìwé tó wá kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí jọ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni Barracoon, èyí tí Zora Neale Hurston kọ. Ó lọ bá bàbá arúgbó kan ní ẹ̀bá ìlú Mobile, ìpínlẹ̀ Alabama, ní 1927 àti 1928. Kossola ni orúkọ bàbá náà, Cudjo Lewis sì ni Amẹ́ríkà ń pè é. Àwọn olùwádìí ní ìran Yorùbá ni, ní agbègbè Bantè tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Àwọn ọmọ ogun Dàhómì ló kó ìlú rẹ̀ lójijì, wọ́n bẹ́ orí àwọn àgbà, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Ouidah. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Clotilda ti kó bíi 110 ènìyàn ní ọdún 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti ọdún 1808. Lẹ́yìn tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bà á wà. Hurston parí ìwé rẹ̀ ní 1931. Àwọn tó ń tẹ̀wé ní àwọn kò fẹ́ èdè tí bàbá náà ń sọ bó ṣe sọ ọ́, Hurston kò gbà kí wọ́n tún un ṣe, ìwé náà sì wà nílẹ̀ títí di ọdún 2018. Ọdún 2019 ni wọ́n kéde pé àwọn ti rí àwókù ọkọ̀ náà nínú ẹrẹ̀ odò.

Olùkọ́ tó bá ń fi ìwé yìí kọ́ni kò ní láti wàásù. Ẹjọ́ ló kún inú rẹ̀. Ẹjọ́ kìíní ni ti Dàhómì, Kossola kò sì dáàbò bò wọ́n. Ẹjọ́ kejì ni ti Timothy Meaher, olówó tó rán ọkọ̀ náà níṣẹ́. Wọ́n gbé e dé ilé-ẹjọ́, kò jẹ̀bi ohunkóhun. Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, tí àwọn tí wọ́n kó wá kò ní owó ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sílé, Kossola lọ bá Meaher, ó ní ìwọ lo mú wa kúrò ní ilẹ̀ wa, fún wa ní ilẹ̀ díẹ̀. Meaher fárí gá. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n tu owó jọ, wọ́n sì fi ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn kan náà tó jẹ wọ́n ní gbèsè ìgbésí ayé. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó síbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Africatown.

Ẹjọ́ kẹta ni ilé-ẹjọ́ gbọ́ ní tòótọ́. Ní ọdún 1902, ọkọ̀ ojú irin gbá Kossola, ó sì ṣe é léṣe débi pé kò lè ṣiṣẹ́ agbára mọ́. Ó pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà lẹ́jọ́. Àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà ní Mobile, tí wọ́n jẹ́ òyìnbó, dá a láre, wọ́n ní kí wọ́n san 650 dọ́là fún un. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Alabama fagi lé e. Kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí Hurston bá a, iṣẹ́ tó ń ṣe ni olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wọn. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó bí ti kú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, igbákejì ṣẹ́rífù ló yìnbọn pa á. Kossola fúnra rẹ̀ kú ní 1935.

Níbi tí ìwé bá parí sí ni ẹsẹ̀ kejì tí Hare sọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó wá nínú Clotilda ṣì ń gbé Africatown. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ilé-iṣẹ́ bébà yí wọn ká, èéfín rẹ̀ sì ń bà sórí aṣọ tí wọ́n sá. Ojú ọ̀nà ńlá gba àárín ìlú náà kọjá. Ní oṣù Keje ọdún 2023, wọ́n ṣí ilé kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Africatown Heritage House, níbi tí ẹ̀là pákó tí wọ́n kó láti inú àwókù Clotilda wà nínú omi, kó má bàa jẹrà. Ní agbègbè Mobile kan náà, ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wà lórí ilẹ̀ tí ẹbí Meaher fi tọrẹ, orúkọ wọn ló sì ń jẹ́. Ohun tí olùkọ́ lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ wá ni ohun tó yẹ kí wọ́n san, kí ẹni tí yóò san án jẹ́ ta ni, àti bóyá Benin, níbi tí Ouidah wà, náà jẹ nínú gbèsè ọ̀hún. Ìdáhùn wọn kì í bá ara wọn mu. Àwọn kan á ní ilẹ̀ ni, àwọn kan á ní owó ni, ẹlòmíràn á ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbá èéfín kúrò lára ìlú ná.